Ọkùnrin Tó Jẹ Ẹ̀kọ Lójú Màmá Àgbà

Fóònù Màmá Àgbà ṣì wà nínú dúrọ́ọ̀ mi. Mo máa ń fi iná sí i kó má bàa kú, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ẹni tó ni ín ti kú. Ohùn àwọn èèyàn ló kún inú rẹ̀ fọ́fọ́: àwọn gáàdì, àwọn onítakisí, àwọn obìnrin tó ń tọ́jú ọmọ ọlọ́mọ, àwọn ará ìjọ wa, títí kan ọkùnrin ará Pakistan kan tó ń gẹ irun ní àdúgbò Rolla. Gbogbo wọn ń sọ ìtàn. Èyíkéyìí tí mo bá tẹ̀ nínú wọn, ohùn Màmá ni mo máa ń kọ́kọ́ gbọ́. Wọ́n á tún ọ̀fun ṣe, wọ́n á wá bi onítọ̀hún pé, "Ta ló sọ ọ́ fún ọ? Kí ni orúkọ rẹ̀?" Ibẹ̀ ni mo máa ń pa á. Mi ò tíì lè gbọ́ ọ kọjá ibẹ̀ láìsunkún.

Ìyá tó bí ìyá mi ni. Nígbà tí wọ́n bí àbúrò mi ọkùnrin ni wọ́n wá sí Sharjah, ìlú tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Dubai, láti wá wẹ ọmọ. Oṣù mélòó kan ni wọ́n ní àwọn máa lò. Ọmọ tí wọ́n wá wẹ̀ ti ń lọ sílé ìwé báyìí, ó ti ń bá mi jiyàn, Màmá ò sì padà sílé mọ́. Ilé tá à ń gbé ní Al Qasimia kò tóbi. Ìyá mi ń kọ́ àwọn ọmọ kéékèèké nílé ìwé kan, èmi ń gba àlejò ní hòtẹ́ẹ̀lì kan ní Deira, bàbá mi sì jẹ́ ẹni tó ń bá ọkọ̀ ojú omi ṣiṣẹ́, tí a kì í fi bẹ́ẹ̀ rí. Màmá ló máa ń wà nílé, ìyẹn ni pé Màmá ló yẹ kó máa wà nílé.

Mọ́mọ́nì ni wá. Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ Yorùbá tó bá gbọ́ ọ á kọ́kọ́ wò wá bákan. Nígbà kan, obìnrin kan béèrè lọ́wọ́ Màmá nínú lífítì ilé wa pé, "Ṣé àwọn tó ń fẹ́ ìyàwó rẹpẹtẹ nì?" Màmá bojú wò ó tẹ̀rín tẹ̀rín, wọ́n ní, "Bàbá tìẹ ńkọ́? Ìyàwó mélòó ló fẹ́?" Obìnrin náà ka tirẹ̀ sókè, kò sì ka tán kí lífítì tó dé ilẹ̀. Màmá ní kó máa bọ̀ lọ́la, kó wá parí rẹ̀.

Bí wọ́n ṣe ń kó ìtàn jọ nìyẹn. Lópin ọ̀sẹ̀, tí ìjọ wa bá ti jáde, wọ́n á ní kí n mú àwọn lọ sí Oud Metha, níbi tí ìjọ oríṣiríṣi ti ń jọ́sìn nínú ọgbà kan. Wọn kì í bá ìjọ kankan wọlé. Ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tó lọ síbi tí wọ́n ti ń wọ metro ni wọ́n máa ń jókòó sí, pẹ̀lú kúlà tó kún fún puff-puff. Ẹni tí wọ́n bá ti gbọ́ Yorùbá lẹ́nu rẹ̀ ti bọ́ sí wọn lọ́wọ́ nìyẹn.

"Ẹ káàsán, Mummy. How much ni puff-puff yín?"

"Mi ò tà á. Ìtàn ni mò ń gbà."

"Ìtàn bíi ti báwo, ma?"

"Èyí tí wọ́n máa ń sọ nílé yín. Jókòó."

Wọ́n sì máa ń jókòó! Àwọn ọkùnrin gìrìwò tó ń ṣọ́ ilé ní Deira, àwọn ọmọbìnrin tó ń nu ilẹ̀ ní mall, wọ́n á jókòó síbi tí Màmá bá nawọ́ sí, wọ́n á máa jẹ puff-puff, wọ́n á máa sọ̀rọ̀ nípa bàbá àgbà wọn. Àwọn ló sọ wọ́n ní Màmá Ìtàn. Ojú máa ń tì mí. Mo ní, "Màmá, yalla, ẹ jẹ́ ká máa lọ, sẹ́kúríìtì ń wò wá." Wọn ò tilẹ̀ yíjú. Wọ́n ní, "Jẹ́ kó máa bọ̀. Òun náà ní bàbá."

Wọ́n ní òfin tiwọn. Ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ dá ẹni tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́nu. Ẹni tó bá sì ń sọ ìtàn gbọ́dọ̀ sọ ẹni tó sọ ọ́ fún un, kó dárúkọ ẹni tó ṣẹlẹ̀ sí, kó sì sọ ìlú rẹ̀. Gáàdì kan fẹ́ fi ìtàn èrò ọkọ̀ kan tó ní ẹsẹ̀ ẹṣin gba puff-puff lọ́wọ́ wọn.

"Ta ló rí i?" Màmá bi í.

"Friend mi kan ni, Mummy."

"Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Mo ti gbàgbé, ma."

Màmá gba puff-puff padà lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n jù ú padà sínú kúlà, wọ́n ní, "Tóo bá ti rántí, wá gbà á."

Nínú ìjọ wa, iṣẹ́ ìsìn ni kéèyàn wá orúkọ àwọn tó ti kú nínú ìdílé rẹ̀, kí wọ́n má bàa ṣègbé. Màmá mú ọ̀rọ̀ yẹn, wọ́n fi kan gbogbo ayé. Ọ̀rọ̀ méjì péré tí wọ́n gbọ́ nínú èdè àwọn ará Pakistan àti India ni bhai, ìyẹn arákùnrin, àti kahani, ìyẹn ìtàn. Tí a bá wọ takisí, kí a tó sọ ibi tí à ń lọ, wọ́n á ti tẹ̀ síwájú, wọ́n á ní, "Bhai, kahani." Onígbàjámọ̀ tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yẹn sọ tirẹ̀ títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, Màmá ń mi orí, fóònù ń gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí a jáde, mo bi wọ́n pé kí ló ń sọ. Wọ́n ní, "Mi ò mọ̀. Àmọ́ ó ti pẹ́ tó ti ń wá ẹni tó máa sọ ọ́ fún."

Wọn kì í ṣe ẹni tó ń gba ohun gbogbo gbọ́ o. Abúlé kan wà nínú aṣálẹ̀ Sharjah tí yanrìn ti wọ inú ilé rẹ̀ dé ibi fèrèsé. Àwọn èèyàn ní àǹjọ̀nnú ló lé àwọn ará ibẹ̀ jáde. Màmá yọ wá lẹ́nu títí a fi wá ọkọ̀ lọ. Wọ́n wọ ilé kan, wọ́n yọjú sí èkejì, wọ́n fi ọ̀pá gún yanrìn, wọ́n ní àwọn ò rí iṣẹ́ àǹjọ̀nnú kankan níbẹ̀, àwọn èèyàn yẹn kàn lọ síbi tí omi wà ni. Inú bí mi, nítorí oòrùn ti pa mí. Mo ní, "Àǹjọ̀nnú àwọn ẹlòmíì lẹ ò gbà gbọ́. Tiyín wá ńkọ́?" Wọ́n gbá mi létí díẹ̀, wọ́n ní, "Tèmi jẹ ẹ̀kọ lójú mi."

Ó yẹ kí n sọ tiwọn yẹn báyìí, nítorí orí rẹ̀ ni ìdílé wa dúró lé.

Ìtàn kan wà tó gbajúmọ̀ láàárín àwọn Mọ́mọ́nì níbi gbogbo. Wọ́n ní láyé àtijọ́, àwọn ọmọ ẹ̀yìn mẹ́ta kan bẹ Olúwa pé kó jẹ́ kí àwọn wà láyé títí yóò fi padà dé, Olúwa sì gbà fún wọn. Wọn ò ní kú. Látìgbà náà ni wọ́n ti ń rìn káàkiri. Àlejò kan tí ẹnikẹ́ni ò mọ̀ rí á kan ilẹ̀kùn, á tọrọ oúnjẹ, á ṣe oore ńlá kan, á sì pòórá. Tóo bá bá àwọn ará ìjọ wa jókòó pẹ́, wàá gbọ́ oríṣi kan nínú rẹ̀.

Ti Màmá ṣẹlẹ̀ lẹ́bàá Iléṣà, nílé àwọn olùkọ́ kan tó dá wà. Bàbá àgbà mi, tó jẹ́ olùkọ́, rìnrìn àjò. Òjò ńlá ń rọ̀. Ìyá mi kéré gan-an nígbà náà, ara rẹ̀ sì gbóná. Ọkùnrin kan kan ilẹ̀kùn, aṣọ funfun ló wọ̀ látòkè délẹ̀. Ó ní ebi ń pa òun. Màmá fún un ní ẹ̀kọ tútù, ó jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń jẹ ẹ́. Kò tíì jẹ ẹ́ tán nígbà tí gìrì mú ìyá mi, ojú rẹ̀ yí sókè. Màmá figbe ta. Ọkùnrin náà ju ẹ̀kọ sílẹ̀, ó gba ọmọ, ó sì sáré wọ inú òjò. Odò kan wà láàárín ilé náà àti dìspẹ́ńsárì, omi ti bo afárá rẹ̀. Ó gbé ọmọ sókè orí, ó wọ inú omi lọ. Màmá ò lè tẹ̀ lé e, ọ̀nà oko tó jìn ni wọ́n gbà yí ká. Nígbà tí wọ́n máa débẹ̀, ọmọ ti ń sùn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì. Nọ́ọ̀sì ní òun kàn yíjú kúrò ni, òun ò rí ọkùnrin náà mọ́. Nígbà tí òjò dá, ipa ẹsẹ̀ rẹ̀ wà nínú ẹrẹ̀ láti ẹnu ọ̀nà dé odò. "Ẹsẹ̀ tó lọ la rí," Màmá máa ń sọ, "a ò rí ẹsẹ̀ tó bọ̀."

Kò pẹ́ sígbà náà tí ìjọba gbé bàbá àgbà mi lọ sí Ìbàdàn. Ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin oníwàásù kan wá sílé wọn pẹ̀lú ṣẹ́ẹ̀tì funfun, wọ́n sì dẹ́nu lé ọ̀rọ̀ àwọn mẹ́ta tí kì í kú. Màmá ní kí wọ́n dákẹ́ ná. Wọ́n ní, "Mo ti rí ọ̀kan nínú wọn." Bí wọ́n ṣe ṣèrìbọmi nìyẹn, tí gbogbo ilé tẹ̀ lé wọn. Ìyá mi ló sì jẹ́ ọmọ tí ẹni tí kì í kú gbé. Nígbà tí visa wa fẹ́ bà jẹ́, tí bàbá mi pẹ́ lójú omi, tí dókítà ní ìyá mi lè má bímọ mọ́, ohun kan náà ni ìyá mi máa ń sọ: "Ọlọ́run tó rán ẹni yẹn sí mi ò ní fi mí sílẹ̀." Wọ́n sì bí àbúrò mi.

Nínú gbogbo ìtàn tí Màmá kó jọ, èyí nìkan ni kò ní orúkọ ẹni tó ṣe é. Kò sẹ́ni tó rò ó wò. Ta ló ń béèrè orúkọ ẹni tí kì í kú?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kan, a lọ kí arábìnrin ìjọ wa kan tí ara rẹ̀ ò yá ní Al Khan, nínú ọ̀kan lára àwọn ilé gogoro tó kọjú sí omi. Àyà Màmá ti ń yọ wọ́n lẹ́nu nígbà náà, wọn ò lè rìn jìnnà kí wọ́n tó mí hẹlẹ. Bí a ṣe sọ̀kalẹ̀, wọ́n ní kí àwọn jókòó ná. Gáàdì ibẹ̀ dìde fún wọn. Ràṣídì ni orúkọ rẹ̀, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ojúgbà mi. Nígbà tó gbọ́ Yorùbá lẹ́nu wa, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí táìlì ọlọ́lá yẹn, inú Màmá sì dùn. Wọ́n yọ fóònù.

"Ìtàn ilé yín kan."

"Mummy, me I no get story o. Èyí tó wà nílé wa, ìtàn yẹ̀yẹ́ ni. Wọ́n máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ bàbá mi ni."

"Yẹ̀yẹ́ náà dáa. Sọ ọ́."

Ó ní bàbá òun ń bá bẹ́kárì kan ṣiṣẹ́ ní Iléṣà, kẹ̀kẹ́ ló fi ń gbé búrẹ́dì lọ sáwọn abúlé. "Funfun ni uniform wọn, Mummy, bíi ti dókítà. Ọjọ́ kan, òjò ká wọn mọ́. Wọ́n gbé kẹ̀kẹ́ sábẹ́ igi mángòrò lójú títì, wọ́n fi táapólì bò ó, wọ́n lọ yà sílé kan. Obìnrin ibẹ̀ fún wọn ní ẹ̀kọ. Wọn ò tíì jẹ ẹ́ tán tí gìrì fi mú ọmọ obìnrin yẹn. Bàbá mi gbé e, wọ́n wọ odò. They no sabi swim o! Odò fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wọn lọ. Wọ́n gbé ọmọ fún nọ́ọ̀sì, wọ́n sáré gba ojú títì padà nítorí búrẹ́dì. Kí wọ́n tó débẹ̀, atẹ́gùn ti ká táapólì, gbogbo búrẹ́dì ti di ọbẹ̀. Ọ̀gá wọn lé wọn lọ́jọ́ yẹn. Khalas, ó tán."

Ó rẹ́rìn-ín. Èmi ò lè rẹ́rìn-ín. Mo wo Màmá, wọ́n ń wo ẹnu rẹ̀.

"Blọ́ọ̀kù ni wọ́n ń rù lẹ́yìn ìyẹn títí ẹ̀yìn wọn fi tẹ̀. Nílé wa, tí ẹnikẹ́ni bá fẹ́ ran àlejò lọ́wọ́, ìyá mi á ní, 'Ìwọ náà fẹ́ fi búrẹ́dì ṣòfò bíi bàbá rẹ?' Ìyá mi ò tilẹ̀ gbà pé òótọ́ ni. Wọ́n ní ó sùn lọ síbi kan ni. Bàbá mi á máa búra, wọ́n á ní obìnrin yẹn ò rí aṣọ mú, aṣọ tó fi ń bo máṣíìnì ìránṣọ ló fi wé ọmọ náà. Wọ́n ní òórùn epo máṣíìnì ò kúrò nímú àwọn."

Mi ò gbọ́ aṣọ máṣíìnì rí nínú ìtàn Màmá. Mo fẹ́ fi ìyẹn tu ara mi nínú pé kì í ṣe ìtàn wa ni, àmọ́ ọwọ́ Màmá ti wà láyà wọn.

Èmi ni mo béèrè bóyá bàbá náà ò padà lọ wo ọmọ yẹn.

"Wọ́n lọ," Ràṣídì ní. "Nígbà tí wọ́n fi máa ráyè, nọ́ọ̀sì yẹn ti lọ, ilé yẹn ti ṣófo. Ìyẹn ló dùn wọ́n jù. Ọdún mélòó kan sẹ́yìn ni wọ́n kú, àmọ́ títí tí wọ́n fi kú, tí òjò ńlá bá ti ń rọ̀, wọ́n á jókòó sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á ní, 'Ọmọ yẹn, ṣé ó yè?'"

Lífítì ṣí, àwọn èèyàn jáde, ó pa dé. Ìgbà yẹn ni Màmá wá béèrè ohun tí wọ́n máa ń kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ gbogbo èèyàn.

"Kí ni orúkọ wọn?"

"Gàníyù, ma."

"Tún un sọ."

"Gàníyù."

Èmi ni mo bá wọn pa fóònù. Nínú takisí, wọn ò sọ kahani fún awakọ̀. A délé, wọ́n jókòó sórí àga wọn. Wọ́n ní, "Aṣọ máṣíìnì ni lóòótọ́. Ojú tì mí, mi ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni rí."

Ìjà tó ṣẹlẹ̀ nílé wa lẹ́yìn ìyẹn, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Màmá fẹ́ pe Ràṣídì kí wọ́n sọ òótọ́ fún un, kí wọ́n sì sọ ọ́ nínú ìjọ. Ìyá mi ò gbà. Mo rò pé wọ́n ń bínú ni, àṣé ẹ̀rù ló ń bà wọ́n.

"Màmá, bàbá yẹn ti kú. Ta ni ọ̀rọ̀ yìí fẹ́ ṣe láǹfààní?"

"Ìyàwó rẹ̀ ò tíì kú. Òpùrọ́ ló rò pé òun fẹ́."

"Èmi ńkọ́? Láti kékeré lẹ ti ń sọ fún mi pé ẹni tí kì í kú ló gbé mi. Gbogbo ohun tí mo là kọjá, ìyẹn ni mo dì mú. Ẹ fẹ́ wá sọ fún mi báyìí pé oníbúrẹ́dì ni?"

"Ẹni tí kì í kú, kí ni odò fẹ́ fi ṣe é?" Màmá ní, ohùn wọn ò ròkè rárá. "Gàníyù lè kú. Kò mọ̀ ọ́n wẹ̀. Ó sì wọ inú rẹ̀ nítorí tìẹ."

Ìyá mi wọ yàrá lọ, wọ́n ti ilẹ̀kùn. A gbọ́ ẹkún wọn láti pálọ̀. Màmá ò lọ bẹ̀ wọ́n.

Ràṣídì wá sílé wa ní ọjọ́ ìsinmi rẹ̀. Màmá ní kó jókòó, wọ́n sọ fún un. Ó ń wò mí, ó ń wò wọ́n, bíi pé kí ẹnì kan sọ pé eré ni. Ó kàn yọ fóònù, ó pe ìyá rẹ̀ nílé, fídíò. Obìnrin àgbàlagbà kan yọ, ìborùn funfun wà lórí wọn. Màmá sọ gbogbo rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, òjò, ẹ̀kọ, odò. Nígbà tí wọ́n dé orí aṣọ máṣíìnì, ìyá Ràṣídì ní kí wọ́n dúró.

"Ẹ̀yin lẹ fi aṣọ máṣíìnì wé ọmọ?"

"Èmi ni."

"Kò purọ́ nígbà náà." Wọ́n tún un sọ, bí ẹni ń bá ara wọn sọ̀rọ̀. "Ọkùnrin yẹn ò purọ́ fún mi." Wọ́n fi etí ìborùn nu ojú. Ìbínú ló wá tẹ̀ lé e, mi ò sì dá wọn lẹ́bi. "Ẹ ò ṣe wá a? Iléṣà tó wà nítòsí yín níbẹ̀! Búrẹ́dì bẹ́kárì wọn ò ha dé ọ̀dọ̀ yín?"

"À ń jẹ ẹ́," Màmá ní. "Mo rò pé ó ti mọ̀."

"Mọ kí ni?"

"Pé ọmọ yè. Irú ẹni tí mo rò pé ó jẹ́, mo rò pé kò sí ohun tí kò mọ̀. Ebi ń pa á, ó jẹ ẹ̀kọ lójú mi, síbẹ̀ mi ò rò ó pé èèyàn ni."

"Kò mọ̀," ìyá Ràṣídì ní.

Mi ò mọ ìgbà tí ìyá mi jáde síta. Mo kàn rí i pé wọ́n ti kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àga Màmá, wọ́n gba fóònù lọ́wọ́ Ràṣídì. "Èmi nìyí, ma," wọ́n ní. "Èmi ni ọmọ náà." Ìyá Ràṣídì ní kí wọ́n súnmọ́ dáadáa, kí wọ́n tẹ orí wálẹ̀. Wọ́n wo orí ìyá mi títí. "Ẹ wò ó," wọ́n ní, "ọmọ náà ti hu ewú."

Nínú ìjọ wa, ọjọ́ Àìkú àkọ́kọ́ nínú oṣù ni a máa ń gbààwẹ̀, tí ẹnikẹ́ni sì lè dìde jẹ́rìí. Arákùnrin tó ń darí wa, ọmọ Ghana, ti gbọ́. Ó bẹ Màmá ní jẹ́jẹ́ kí ìpàdé tó bẹ̀rẹ̀: "Mama, please, why not leave it the way it was? The children love that story." Màmá dì í lọ́wọ́ mú, wọ́n fi "shukran" dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì kọjá lọ síwájú. Èmi ni mo dúró tì wọ́n láti túmọ̀.

Wọ́n ní, "Ẹ ti gbọ́ ìtàn kan lẹ́nu mi lọ́pọ̀ ìgbà. Mo ṣi ọkùnrin náà mú. Gàníyù ni orúkọ rẹ̀. Mùsùlùmí ni, búrẹ́dì ló ń gbé kiri. Ó pàdánù iṣẹ́ rẹ̀ nítorí ọmọ mi. Ó wá wa, kò rí wa, èmi ò sì wá a. Mo ṣì gbà pé Ọlọ́run ló rán an. Ẹnikẹ́ni tó bá máa sọ ìtàn yẹn lẹ́yìn mi, kó dárúkọ rẹ̀." Wọ́n jókòó. Nígbà tí mo túmọ̀ dé ibi tó ti wá wọn tí kò rí wọn, mo dúró níbẹ̀. Ìyá mi ló dìde láàárín èrò, wọ́n sì bá mi parí rẹ̀.

Màmá ò pẹ́ láyé lẹ́yìn ìyẹn. Àyà yẹn náà ni. Ní ọsibítù, wọn ò béèrè ìtàn lọ́wọ́ nọ́ọ̀sì kankan, ìyẹn ni mo fi mọ̀. Ohùn Ràṣídì nìkan ni wọ́n máa ń ní kí n tẹ̀ fún àwọn, wọ́n á sì ní kí n pa á tó bá ti dárúkọ bàbá rẹ̀ tán. Ọwọ́ wọn wà nínú ọwọ́ mi nígbà tí wọ́n lọ. Ó gbóná síbẹ̀, mo sì ń bínú sí gbogbo àwọn tó ń rìn kọjá ní kọ́rídọ̀ bíi pé kò sí nǹkan tó ṣẹlẹ̀.

Ìyá mi bá òkú wọn lọ sílé. Èmi dúró ti àbúrò mi, nítorí ilé ìwé rẹ̀ àti iṣẹ́ mi, mi ò sì rí ibi tí wọ́n sin wọ́n sí. Ó ń dùn mí títí di báyìí. Àga wọn wà ní pálọ̀, kò sẹ́ni tó jókòó sí i. Kúlà wà lórí kọ́bọ́ọ̀dù. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, àbúrò mi béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni yóò máa bá àwọn èèyàn Oud Metha sọ̀rọ̀ báyìí, mo sì jágbe mọ́ ọn, lẹ́yìn náà a jọ sunkún.

Ọ̀sán ọjọ́ yẹn ni Ràṣídì kan ilẹ̀kùn, pẹ̀lú yúnífọ́ọ̀mù iṣẹ́ lọ́rùn. Ó mú búrẹ́dì gbígbóná kan dání tó rà ní Rolla, wọ́n fi bébà wé e. Ó ní ìyá òun fi ohùn ránṣẹ́ láti fi bá wa kẹ́dùn. Ó tẹ̀ ẹ́. Ohùn àgbàlagbà yẹn jáde:

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè. Ràṣídì, sọ fún ọmọ-ọmọ wọn kó má sunkún jù. Láti ìgbà tí mo ti gbọ́ ni mo ti ń rò ó. Wọ́n á ti pàdé báyìí. Mo mọ ọkọ mi, kò ní kí wọn tán tí yóò fi béèrè. Á ní, 'Ìyá, ọmọ yẹn, ṣé ó yè?' Màmá yín fúnra wọn ni yóò sì dá a lóhùn."

Mo sunkún gan-an. Nígbà tí mo ṣe tán, mo lọ gbé fóònù Màmá jáde nínú dúrọ́ọ̀. Mo ní kí Ràṣídì jókòó, àga Màmá ló sì sún mọ́ ọn jù, ó jókòó sí i. Mo ní kó tún ohùn náà tẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ kí n lè gbà á sílẹ̀. Àmọ́ kó tó tẹ̀ ẹ́, mo tún ọ̀fun ṣe.

"Ta ló sọ ọ́ fún ọ?" mo bi í. "Kí ni orúkọ rẹ̀?"

"Ìyá mi ni," ó ní. "Sìkírátù, ìyàwó Gàníyù."